Mólò Tó Ṣáájú Ṣítù Délé

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi ẹ̀bi tèmi bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ fi ìtàn àbúrò mi ṣe ara mi lóge. Èmi Àbùbákàr, tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní Sabonjida nínú ìlú Tamale, èmi ni mo ka Ṣítù kún òkú. Èmi ni mo ṣáájú nínú àdúrà fídáù rẹ̀. Èmi náà ni mo fi ọwọ́ ara mi dá iná tí mo fẹ́ fi sun mólò rẹ̀. Ó ti lé lọ́dún méjì báyìí, síbẹ̀ bí mo bá rántí iná yẹn, ojú máa ń tì mí.

Ọmọ Ìlọrin ni bàbá wa. Aṣọ àti tírà ló kó wá sí ilẹ̀ yìí, ó ń ta ọ̀kan, ó ń fi èkejì kọ́ni. Sàlágà ni wọ́n ti bí mi, nígbà tí wọ́n ṣì wà lójú ọ̀nà. Sabonjida ni wọ́n bí Ṣítù sí, ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn mi. Dàgbánì àwọn ọmọ àdúgbò ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, Háúsá tẹ̀lé e, Yorùbá wá dé lẹ́yìn bí àlejò tó pẹ́ lọ́nà. Bàbá wa a máa bá a wí, òun a sì máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mi ò lè fara dà.

Bàbá àgbàlagbà kan wà ní àdúgbò Tishigu nígbà náà, ọmọ Dàgọ́ńbà, tó máa ń jókòó sábẹ́ igi níwájú ilé rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, tí yóò máa ta mólò. Igi tí wọ́n gbẹ́ nínú bí ọpọ́n gígùn ni mólò náà, awọ ewúrẹ́ bò ó lójú, ọ̀pá kan yọ jáde lára rẹ̀, okùn irun ẹṣin mẹ́ta ló ní, irin pẹlẹbẹ kan sì wà lórí ọ̀pá tí òrùka wẹ́wẹ́ ń mì lára rẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rán Ṣítù ní iyọ̀, ibẹ̀ ni wọn yóò ti rí i. Èmi ni wọ́n máa ń ní kí n lọ mú un wá, mo sì máa ń fà á létí délé ni.

Ṣítù ti pé ọmọ ọdún méjìlá nígbà tí bàbá náà kú. Àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé mólò wá sílé wa, wọ́n ní olóògbé ló sọ pé kí àwọn gbé e fún ọmọ Yorùbá tó máa ń jókòó ti òun. Bàbá wa wò ó pẹ́. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, inú mi ń dùn, ojú mi ti ń wá ibi tí àáké wà.

“Mi ò ní fọ́ ọ,” ni bàbá wa wí. “Òkú ló fún un. Ṣùgbọ́n ilé kéwú nilé yìí. Ṣítù Àdìsá, nígbàkígbà tí o bá gbé nǹkan yìí sílẹ̀, kí o tú okùn rẹ̀ kí ó dẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ó sùn nílé mi pẹ̀lú ohùn lára.”

Ṣítù kò rú òfin yẹn rí. Bí ó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ó fẹ́ lọ fọ ọwọ́ jẹun ni, yóò kọ́kọ́ fa àwọn òrùka awọ tó so okùn mọ́ ọ̀pá sílẹ̀, okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò rọ̀. Mo máa ń ṣọ́ ọ kí n lè rí ọjọ́ tí yóò gbàgbé. Mi ò rí i títí bàbá wa fi kú.

Nígbà tí ó dàgbà, wọ́sìwọ́sì ló ń tà: abẹ́rẹ́, òwú, dígí, búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun. Kò ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ń ru igbá láti abúlé dé abúlé, láti Savelugu títí dé Yendi, mólò a sì máa wà ní èjìká rẹ̀. Bí ó bá dé ìta gbangba abúlé kan, yóò jókòó, yóò ta mólò, yóò sì máa fi orin ka ọ̀nà tó gbà wá: igi ẹ̀mí tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, tó wà ní oríta, odò tó ti gbẹ, ilé alágbẹ̀dẹ, títí yóò fi dé ẹnu ọ̀nà ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀. Àwọn obìnrin a máa pariwo bí wọ́n bá gbọ́ ilé tiwọn, wọ́n á sì ra abẹ́rẹ́. Mo sọ fún un pé ìyẹn kì í ṣe orin, pé orúkọ ọ̀nà lásán ló ń pè. “Òótọ́ ni, Ẹ̀gbọ́n,” ló fi dá mi lóhùn, ó sì tún rẹ́rìn-ín.

Ó fẹ́ Àrìnkẹ́, ọmọ àwọn aláṣọ tó ti Ọ̀fà wá. Wọn ò tíì pé ọdún méjì pọ̀ nígbà tí ogun Hítílà mú un lọ. Mo ní ó mú un lọ, ṣùgbọ́n òun ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ inú rẹ̀. Ní ọjọ́ kan ní ọdún 1942, ó kó wọ́sìwọ́sì lọ sí bárékì, nígbà tí yóò fi padà dé ó ti di sójà. Ọ̀gá òyìnbó kan ló gbọ́ mólò rẹ̀, ó ní irú rẹ̀ ni àwọn ń wá, ẹni tí yóò máa dá àwọn ọmọ ogun lára yá. Mo bú u títí ẹnu fi ro mí. Àrìnkẹ́ ò bú u. Ó ká aṣọ rẹ̀ sínú àpò, ó ní kí ó ṣáà padà wá.

Ìwé mẹ́ta la rí gbà láti Íńdíà. Lẹ́tà Lárúbáwá ló fi ń kọ Yorùbá rẹ̀, nítorí ìwọ̀nba kéwú tó dúró lórí rẹ̀ nìyẹn. Àrìnkẹ́ kò mọ̀wé, èmi ni mò ń kà á fún un lẹ́nu ọ̀nà. Nínú ìwé kẹta ni Ṣítù ti sọ pé wọ́n ti fi òun sínú ẹgbẹ́ eléré àwọn sójà, pé òun ń ta mólò níwájú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn, pé wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún òun. Ọmọ àáfà, ọmọ Ìlọrin, òun ló wá di ẹni tí wọ́n ń wò rẹ́rìn-ín lójú agbo! Mo mú kálàmù, mo kọ ọ́ sí i pé ọjọ́ tó bá fi mólò sílẹ̀ ni kí ó tó tún kọ̀wé sí mi. Mo fi ìwé náà ránṣẹ́ kí inú mi tó rọ̀. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé ojú mi nìkan ni Àrìnkẹ́ fi ń rí ọkọ rẹ̀.

Ìwé kò dé mọ́. Ọdún kan kọjá. Wọ́n ní ogun ti parí, a bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn kan tó padà sílé pẹ̀lú káàkì lọ́rùn, Ṣítù kò sí lára wọn.

Kí ẹni tí kò mọ̀ wá tó bínú sí wa, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àṣà kan. Nígbà tí àwọn bàbá wa ń fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ru obì láti Sàlágà lọ sílé, bí ẹnì kan bá kú lọ́nà, àwọn tó kù kì í fi ẹnu sọ ọ́ fún àwọn ará ilé rẹ̀. Ẹrù rẹ̀ ni wọn yóò gbé sí ẹnu ọ̀nà, wọn yóò kọ ojú kókó okùn rẹ̀ sínú ilé, wọn yóò sì lọ jókòó sí mọ́ṣáláṣí láìsọ nǹkan kan. Ẹni tó bá rí ẹrù náà ti mọ̀. Kò gbọdọ̀ sáré tẹ̀lé wọn, kò gbọdọ̀ bi wọ́n léèrè, nítorí a gbà pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ń dá òkú dúró lójú ọ̀nà. Lọ́rì ti dé, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ti lọ, àṣà náà ò lọ.

Ní oṣù Jánúárì ọdún 1946, ọyẹ́ mú, mo ti ọjà dé, mo bá àpótí kan lẹ́nu ọ̀nà wa. Àrìnkẹ́ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹ̀fun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní lọ́rì kan ló dúró, sójà kan bẹ́ sílẹ̀, ó gbé àpótí náà kalẹ̀, ó nàka sí i, ó gbé ọwọ́ lé àyà, awakọ̀ sì ń fọn fèrè lé e lórí, ni ó bá sáré padà. Wọ́n kọ orúkọ Ṣítù sára àpótí náà ní ọ̀dà funfun. Kókó okùn rẹ̀ kọjú sínú ilé.

Mo ṣe Ìnnà lilláhi. Àrìnkẹ́ rọra jókòó sílẹ̀ níbi tó dúró sí, ìyẹ̀fun yẹn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó sáré tẹ̀lé lọ́rì.

A ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ. Àrìnkẹ́ wọ aṣọ opó, ó wọlé, kò jáde mọ́. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ kẹjọ yẹn tó pé, ó ti ṣí àpótí, ó sì ránṣẹ́ pè mí.

“Àáfà,” ló wí, “ta ló tú okùn yìí?”

“Irú ìbéèrè wo nìyẹn?”

“Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dẹ̀. Ṣé àwọn sójà mọ òfin Bàbá ni? Wallahi, ọwọ́ ọkọ mi ló di ẹrù yìí. Òun fúnra ẹ̀ ló dì í.”

Mo dá a lóhùn pé ó lè ti tú u kí ó tó kú. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀. Mo ní ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kí ó pa àpótí dé.

Àáfà àgbà Màmúdù, tó jẹ́ olórí àwọn ọmọ Ìlọrin tó wà lágbègbè wa, ló wá dá ẹjọ́ mólò náà. Ó ní ohun eré tí òkú bá fi sílẹ̀ sáyé, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ń tọ ẹni tó ni ín wọ sàréè ni, pé kí n sun ún ní ọjọ́ tí àdúrà ogójì bá pé, kí ara lè tu Ṣítù níbi tó wà. Mi ò fẹ́ purọ́ mọ́ bàbá náà. Òun kọ́ ló fi ipá mú mi. Láti ọjọ́ tí mo ti ń wá àáké yẹn ni mo ti ń retí ẹni tí yóò sọ fún mi pé kí n ṣe é. Àrìnkẹ́ kúnlẹ̀, ó bẹ̀ mí. Ó ní kò sí ọmọ láàárín àwọn, kò sí sàréè tí òun lè lọ dúró tì, ohùn tó wà nínú igi yẹn nìkan ló kù fún òun lára ọkọ òun. Mo ní nítorí ọkọ rẹ̀ náà ni mo ṣe fẹ́ ṣe é.

Ọjọ́ ogójì pé. A gbàdúrà láàárọ̀, a pín wàínà fún àwọn ènìyàn, wọ́n tú ká. Mo dá iná síwájú ilé, mo gbé mólò jáde nínú àpótí. Láti ọdún púpọ̀ sẹ́yìn ni mo ti ń bú nǹkan yìí, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ mi gbé e.

Kì í ṣe mólò tí mo mọ̀ mọ́. Igi rẹ̀ ti là, wọ́n fi páànù bísíkíìtì lẹ ojú ibi tó là, ìṣó wẹ́wẹ́ yí i ká bí iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ wúrà. Awọ ojú rẹ̀ dúdú, ó nípọn, kì í ṣe awọ ewúrẹ́, kì í ṣe awọ ẹran kankan tí mo mọ̀ ní ilẹ̀ wa. Okùn rẹ̀ funfun, ó ń dán, mo fi èékánná yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe irun ẹṣin. Ọ̀pá rẹ̀ nìkan ló jẹ́ ti àtijọ́, ó ti dán níbi tí àtàńpàkò Ṣítù máa ń gbé. Okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dẹ̀. Ó ti rìn dé òpin ayé, ó ń gbọ́ràn sí bàbá wa lẹ́nu síbẹ̀. Omi bọ́ lójú mi, mo sì bínú sí omi náà.

“Àáfà.” Àrìnkẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré. Kí ẹ wá sun ún. Mi ò ní bẹ̀ yín mọ́.”

Mo wo òkè, mo wo ìsàlẹ̀ àdúgbò. Kò sí ẹni tó ń wò mí. Mo jókòó, mo fa òrùka awọ àkọ́kọ́ sókè, mo fa èkejì, mo fa ẹ̀kẹta, gẹ́gẹ́ bí mo ti rí i tí ó ń ṣe é nígbà tí mò ń ṣọ́ ọ. Mo fi ìka kan ta okùn àárín.

Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ohùn mólò, ohùn rẹ̀ kì í gùn, ó máa ń gbẹ ni. Èyí jáde, ó mọ́ gaara, ó ń lọ, kò sì tán. Ó gba orí iná kọjá, ó bọ́ sí títì, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Gbogbo irun ara mi dìde. Mo ta á lẹ́ẹ̀kejì láìmọ̀ pé mo fẹ́ ta á. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé mi ò lè fi í sínú iná, pé ẹni tó bá wù kó sọ ọ́, mi ò lè ṣe é.

Sójà mẹ́ta ti bọ́ sílẹ̀ nínú lọ́rì Kumasi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, wọ́n wà lọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta wasawasa ní etí títì, tí wọ́n ń jẹun. Ọ̀kan nínú wọn ló sáré tọ̀ mí wá, oúnjẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò kí mi, kò bọ́ fìlà.

“Ṣítù dà? Ṣé ó ti ṣáájú wa dé ni?” ló fi Háúsá bi mí. “Kai! Mo gbọ́ ọ láti títì. Ohùn yìí, kò sí irú ẹ̀ méjì láyé. Ṣítù dà?”

Mo sọ fún un pé Ọlọ́run ti gbà á, pé òní ni ogójì ọjọ́ rẹ̀ pé.

Sójà náà wo iná. Ó wo mólò tó wà lẹ́sẹ̀ mi. Ó tún wo ojú mi bí ẹni pé orí mi dàrú. “Ogójì ọjọ́ kí? Haba, Màálàm! Èmi àti ẹ̀ jọ jẹun lọ́jọ́ Ajé tó kọjá ní ọsibítù àwọn sójà ní Accra. Iṣu ló jẹ. Ó tún gba èyí tó kù nínú àwo mi.”

Ilẹ̀kùn ṣí. Àrìnkẹ́ jáde pẹ̀lú aṣọ opó lára, ó gbé kete omi, ó da gbogbo rẹ̀ sórí iná, iná kú, èéfín bò wá. Ó wá jókòó sílẹ̀ níwájú sójà náà. “Ẹ máa sọ ọ́,” ló wí. “Ẹ má fo nǹkan kan.”

Orúkọ rẹ̀ ni Fùséní, kọ́púrà ni, ọmọ àgbẹ̀ láti Gumani. Ó jókòó sórí ẹní tí a tẹ́ fún àdúrà òkú, ó ń jẹ wàínà òkú, ó sì ń sọ̀rọ̀ òkú fún wa.

Ó ní lórí àwọn òkè Bọ́mà, ẹrù ni Ṣítù ń rù bíi tiwọn, mólò wà lórí ẹrù. Òjò ibẹ̀ kì í dá. Awọ ewúrẹ́ jẹrà, Ṣítù wá awọ ẹfọ̀n àwọn ará ibẹ̀, ó fi bò ó. Igi là, ó fi páànù lẹ̀ ẹ́. Irun ẹṣin já. Ọkọ̀ òfuurufú ló ń sọ oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn nígbà náà, agboorùn ńlá ńlá ló máa ń gbé àpótí oúnjẹ náà bọ̀ láti òkè. Ṣítù tú okùn agboorùn náà, ó yọ fọ́nrán rẹ̀, ó lọ́ ọ pọ̀ lórí itan, ó fi ṣe okùn mólò. Fùséní ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ ta á, ọ̀gá wọn òyìnbó gbé oúnjẹ sílẹ̀, ó dìde dúró.

“Ẹgbẹ́ eléré ń jó, wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́, a ń pàtẹ́wọ́, ìyẹn dára,” ni Fùséní wí. “Ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín. Àgọ́ àwọn tó fara gbọta ni mo fẹ́ sọ. Dókítà ló máa ń pè é síbẹ̀. Á jókòó ti èèyàn, ọ̀rọ̀ kan péré ló máa bi í: ‘Níbo nilé ẹ?’ Bó o bá sọ ọ́, á bẹ̀rẹ̀ láti ọjà Tamale, á máa mú ẹ lọ. Màálàm, gbogbo ọ̀nà ló mọ̀! Èmi náà dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ọta wà níkùn mi. Ó mú mi kúrò lọ́jà, a gba abẹ́ igi ẹ̀mí mẹ́ta, a mu omi nílé alágbẹ̀dẹ, a gba inú oko iṣu bàbá mi. Ó rántí pé ẹnu ọ̀nà ìyá mi kúrú. Ó ní kí n tẹrí ba kí n tó wọlé. Mo tẹrí ba níbi tí mo dùbúlẹ̀ sí.”

Ó tún mú wàínà kan. “Àwọn kan wà tó mú délé báyẹn, tí wọn ò padà wá sínú àgọ́ mọ́. Kò sí èyí tó kú sí Bọ́mà nínú wọn. Ilé ni wọ́n kú sí.”

Orúkọ ọ̀nà lásán. Bí mo ṣe pè é nìyẹn lójú rẹ̀, tí òun sì gbà fún mi. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo kéwú mi, ẹ̀rù àbúrò mi bà mí, ẹ̀rù tó dára, irú èyí tó máa ń bà mí nígbà tí mo bá kọ́kọ́ rí oṣù ààwẹ̀ lójú sánmọ̀.

Àrìnkẹ́ ló bi í pé kí ló dé tí ó fi wà ní ọsibítù. Fùséní ní ó ń fa ẹnì kan kúrò lójú ọ̀nà ni ọta ńlá kan bú gbàmù, ó gé ìka mẹ́ta lọ lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi ń tẹ okùn. Láti ọjọ́ náà kò fọwọ́ kan mólò mọ́, àfi ọjọ́ tí wọ́n dé Accra, tó tú okùn rẹ̀, tó dì í sínú àpótí, tó gbé e fún Atinga, sójà ẹgbẹ́ wọn kan, pé kó gbé e sílé.

“Atinga ò jíṣẹ́ fún yín ni?” ni Fùséní bi wá. “Ìyá ẹ̀ ló ń ṣàìsàn ní Bolgatanga, awakọ̀ ò gbọdọ̀ dúró, mo mọ̀. Ó ní òun máa yà bí òun bá ń padà bọ̀. Iṣẹ́ tí Ṣítù rán an kò pọ̀. Ó ní kó sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé wọ́n ní kóun má kọ̀wé àfi bóun bá fi mólò sílẹ̀. Ó ní òun ti fi í sílẹ̀. Ó ní mólò yẹn ni ìwé náà, kí Ẹ̀gbọ́n fi ṣe ohun tó bá wù ú.”

Àrìnkẹ́ yíjú sí mi. Kò mọ̀ nípa ìwé tí mo kọ. Ó wò mí títí mo fi sọ ọ́ fún un, níwájú àlejò, níwájú eérú tútù yẹn. Kò bú mi. Ó bọ́ aṣọ opó lórí, ó ká a, ó gbé e lé mi lórí itan, ó sì wọlé lọ wá aṣọ mìíràn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Ṣítù dé, ní ọ̀sán, pẹ̀lú lọ́rì. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà gan-an níbi tí àpótí wà lọ́jọ́ yẹn. Ó ti rù, irun funfun ti wà lórí rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà nínú àpò ṣòkòtò.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ilé,” ló wí. “Ṣé ẹ ti sun ún?”

Mo ní kí ó wọlé. Kò wọlé, ó ń wo ojú mi. Àrìnkẹ́ ló jáde, ó fa ọwọ́ yẹn yọ nínú àpò rẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì dì í mú, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Mo wọ yàrá, mo gbé mólò jáde. Okùn rẹ̀ dẹ̀. Láti ọjọ́ iná yẹn, èmi ni mò ń tú u.

Ṣítù wò ó, ó mi orí. “Kò wúlò fún mi mọ́. Ọ̀tún ló ń ta, òsì ló ń tẹ̀, ẹ sì rí òsì náà. Mo ti fi í sílẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Mo ti ṣe ohun tí ẹ fẹ́.”

Wọ́n ti bú mi rí láyé, kò sí èébú tó dùn mí tó gbólóhùn yẹn. Mo tẹ́ ẹní sí ẹnu ọ̀nà. Mo ní kí ó jókòó, ó jókòó. Mo gbé mólò lé e lórí ẹsẹ̀, mo fa okùn rẹ̀ le, èmi náà wá jókòó sí apá òsì rẹ̀, mo fi ọwọ́ tí mo fi ń ṣí tírà di ọ̀pá mólò mú níbi tí àtàńpàkò rẹ̀ máa ń gbé.

“Ibo ni mo máa tẹ̀?” ni mo bi í.

Ó wò mí pẹ́. Ó wá fi ìka méjì tó kù fún un nàka sí ibẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ta á, ohùn burúkú kan jáde, ewúrẹ́ ilé kejì ké. Ṣítù rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn náà ni, ẹ̀rín tí mi ò lè fara dà nígbà kan, mo gbé ojú sá fún un kí ó má baà rí ojú mi. A tún un ṣe. A tún un ṣe títí ohùn náà fi mọ́, tó ń lọ, tí kò tán, àwọn tó ń kọjá lọ ní títì sì dúró.

Nígbà náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀nà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti Accra. Ó gba Kumasi, ó gba Ejura, ó wọ ọkọ̀ ojú omi ní Yeji, ó kí Sàlágà níbi tí wọ́n ti bí mi. Bí ó bá ti fẹ́ yà, yóò fi ojú sọ fún mi, èmi yóò sì gbé ìka síwájú. Àrìnkẹ́ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kò gbójú sókè. Ó dé Tamale, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọjà, ó wọ Sabonjida, ó kan ilé wa, ó dé ẹnu ọ̀nà tí a jókòó sí yìí. Ó dúró níbẹ̀, ó ń ta okùn kan náà léraléra.

“Ẹ dẹwọ́ díẹ̀, Ẹ̀gbọ́n,” ló rọra sọ sí mi létí. “Ẹ ń tẹ̀ ẹ́ le jù, kò jẹ́ kí n wọlé.”

Mo dẹwọ́, ó sì wọlé.